Háídírójìn Tó Lọ àti Èyí Tó Kù: Lámèyítọ́ lórí Bí A Ṣe Ń Sọ Áldíháìdì Lórúkọ àti Bí A Ṣe Ń Yà Á ní Kíláàsì

Ìfáàrà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò sí olùkọ́ kẹ́mísírì tó gbọ́ Yorùbá tí kò ní fẹ́ fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń sọ àwọn èròjà oníkábọ́ọ̀nù lórúkọ. Àwa náà ti lò ó títí ó fi sú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Òwe náà sì bá iṣẹ́ mu. Onímọ̀ kẹ́mísírì á wá ìdì átọ́ọ̀mù tó ń fún èròjà náà níwà, á wá ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù tó gùn jù tí ìdì náà wà lórí rẹ̀, á wo àwọn ẹ̀ka tó yọ lára ẹ̀wọ̀n náà, lẹ́yìn náà ni orúkọ á tó jáde.

Ohun tó mú wa kọ iṣẹ́ yìí ni pé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá kan áldíháìdì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń sọ orúkọ láìwo ilé. Wọ́n á kọ ethanal sílẹ̀ láìṣì í kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n yà á, ọ̀pọ̀ á ya C, wọ́n á fa ìlà láti ara C sí H, wọ́n á tún fa ìlà láti ara H sí O. Háídírójìn á wá na ọwọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Àwọn mìíràn á gbé H náà lọ sí ìdí O, ohun tí wọ́n yà á sì di èròjà mìíràn. A máa ń gé máàkì wọn. Ó pẹ́ kí a tó bi ara wa léèrè bóyá àwọn nìkan ló jẹ̀bi.

Àwa méjì la pawọ́ pọ̀ kọ ọ́. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ni ní kẹ́mísírì, èkejì ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, ilé-ẹ̀kọ́ wa kò sì sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá kàn jẹ́ apá kan nínú kíláàsì tí Haúsá, Nupe, Ẹ̀bìrà àti èdè mìíràn wà. Lámèyítọ́ la pe iṣẹ́ náà, a sì mọ̀ pé lítíréṣọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Àmọ́ orúkọ áldíháìdì àti àwòrán rẹ̀ kò ti ọ̀run bọ̀. Ènìyàn ló ṣe wọ́n, ènìyàn ló sì ń fi wọ́n bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ohun tó bá rí bẹ́ẹ̀, a lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí.

Orúkọ tó ń ṣọ̀fọ̀ èyí tó lọ

Ní ọdún 1835 ni Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, fi orúkọ náà lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn méjì ló gé lulẹ̀ tó sì lẹ̀ pọ̀: alcohol dehydrogenatus, ìyẹn ọtí tí a gba háídírójìn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú al- láti ara ọ̀rọ̀ kìíní, ó mú dehyd- láti ara èkejì. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí gbólóhùn tí a sún kì ni púpọ̀ nínú orúkọ tiwa náà. Ẹni tó bá gbọ́ Babátúndé, Ìyábọ̀ tàbí Dúrójayé ti gbọ́ ìtàn kan kó tó rí ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí a gbé orúkọ Liebig wọ Yorùbá. A kọ ọ́ ní áldíháìdì, a fi àmì ohùn sí i, a sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ohùn nìkan la gbé wọlé, ìtàn inú rẹ̀ wà lẹ́yìn odi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ áldíháìdì kò gbọ́ ọtí níbẹ̀, kò sì gbọ́ pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìtàn náà kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tó bá gbé ẹmu òwúrọ̀ kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, mọ̀ pé yóò kan. Ṣúgà inú ẹmu ló kọ́kọ́ di ọtí, ìyẹn ethanol, CH₃CH₂OH. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tó ń lo atẹ́gùn á wá gba háídírójìn méjì lọ́wọ́ ọtí náà: ọ̀kan láti ara ọ́síjìn, ọ̀kan láti ara kábọ́ọ̀nù tí ọ́síjìn so mọ́. Ohun tó ṣẹ́kù ni ethanal, CH₃CHO. Kì í pẹ́ níbẹ̀ rárá. Á tún gba ọ́síjìn kan mọ́ra, á di ásíìdì tó ń mú ẹmu kan, CH₃COOH. Áldíháìdì ni ìdúró àárín ọ̀nà láàrin ẹmu dídùn-ún-mu àti ẹmu kíkan. Bí a bá fi èyí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, orúkọ Liebig á tún sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, a ní ẹ̀sùn kan sí orúkọ náà fúnra rẹ̀, kódà ní Látìn. Ìdajì òótọ́ ló sọ. Ẹ jẹ́ kí a mú propan-2-ol, álíkọ́ọ̀lù tí OH rẹ̀ wà ní kábọ́ọ̀nù àárín. Bí a bá gba háídírójìn méjì lọ́wọ́ òun náà, kì í di áldíháìdì. Propanone ló ń dà, kítóònù tí àwọn tó ń fi nǹkan nu àwọ̀ èékánná mọ̀ sí acetone. Òun náà jẹ́ ọtí tí a gba háídírójìn lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ orúkọ yẹn. Kí ló wá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀? Kábọ́ọ̀nù ní ọwọ́ mẹ́rin. Nínú kítóònù àti áldíháìdì, ó ti fi ọwọ́ méjì di ọ́síjìn mú. Ọ̀rọ̀ kù sí ọwọ́ méjì tó ṣẹ́kù. Bí méjèèjì bá di kábọ́ọ̀nù mú, kítóònù ni. Bí ọ̀kan, ó kéré tán, bá di háídírójìn mú, áldíháìdì ni.

Nítorí náà, háídírójìn tó kù lẹ́bàá ọ́síjìn ló sọ áldíháìdì di ohun tó jẹ́. Òun ló jẹ́ kí èròjà náà tètè di ásíìdì. Òun ló jẹ́ kí ó sọ omi fàdákà ìdánwò Tollens di dígí lára túùbù, tí omi búlúù Fehling fi ń di pupa bí bíríkì (benzaldehyde kì í sọ ti Fehling di pupa, àmọ́ ó ń ṣe ti Tollens). Kítóònù kò ní háídírójìn yìí, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà kan náà. Orúkọ Liebig ń ṣọ̀fọ̀ èyí tó lọ, kò kí èyí tó kù. Bí orúkọ kò bá kí i, àwòrán ló yẹ kó kí i, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

CHO lójú pátákó

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé àti olùkọ́ ń gbà fi áldíháìdì hàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìkọsílẹ̀ orí ìlà kan: CH₃CHO, CH₃CH₂CHO. Ó rọrùn láti tẹ̀, kì í gba àyè, tí chalk bá sì kù díẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́, òun náà ló máa lò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ojú ṣe ń kà á. Láti òsì sí ọ̀tún ni a kọ́ ọmọ láti máa kàwé, lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé lẹ́tà ló so mọ́ ọn. Nígbà tó bá rí C, H, O tò tẹ̀ léra, kí ló kù kó ṣe ju kó so C mọ́ H, kó so H mọ́ O lọ? Àṣìṣe tí a máa ń gé máàkì fún, ohun tí ìkọsílẹ̀ tiwa kọ́ wọn ni. Ẹni tó bá sì rò pé òun á yọ nínú wàhálà yìí nípa kíkọ COH, ó ti bọ́ sínú òmíràn, nítorí OH ni àmì álíkọ́ọ̀lù.

A kò sọ pé kí a pa CHO rẹ́. Gbogbo ayé ló ń lò ó. Ohun tí a ń bá wí ni pé a ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìkékúrú kó tó mọ ohun tí a ké kúrú. Ẹni tí kò mọ Olúwaṣeun kò lè mọ ohun tí Ṣeun gbé pamọ́.

Ọ̀nà kejì ni àwòrán kíkún, níbi tí gbogbo átọ́ọ̀mù àti gbogbo ìdè ti hàn: C ní àárín, O lókè pẹ̀lú ìlà méjì, H ní ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ìlà kan, ìyókù ẹ̀wọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí ni àwòrán tó sọ òótọ́ jù fún ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ó tún ń sọ bí C yẹn ṣe rí, nítorí nǹkan mẹ́ta tó yí i ká wà ní ojú kan náà bí ewé tí a tẹ́ sílẹ̀, àárín wọn sì tó nǹkan bí 120 dígírì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń ya O ní ọ̀gánganran òkè, H ní ọ̀gánganran ọ̀tún, bí àgbélébùú. Àwa náà ti yà á bẹ́ẹ̀ rí. Kò burú púpọ̀, àmọ́ ó sàn kí a ya á ní ẹ̀ka mẹ́ta bí Y.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú yíya H sí ara C àti yíya á sí ara O kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì lásán. Ethanol ń hó ní 78 °C. Ethanal ń hó ní nǹkan bí 20 °C, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n mólékù àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 46 àti 44. H tó wà lára O nínú ethanol ló ń mú kí mólékù kan rọ̀ mọ́ èkejì, tí ó fi ń gba iná púpọ̀ kí wọ́n tó já kúrò lára ara wọn. Nínú ethanal, H kankan kò sí lára O. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé e síbẹ̀ á retí pé kí ethanal dúró jẹ́ẹ́ nínú ìgò bí ọtí. Ní àgbègbè wa, níbi tí ooru ọ̀sán máa ń kọjá 35 °C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgò ethanal tí a bá ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo yàrá ìdánwò. Àwòrán tó tọ́ ti kìlọ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Propane, tí ìwọ̀n òun náà jẹ́ 44, ń hó ní -42 °C. Nítorí náà ìdè C àti O ṣì ń fa mólékù ethanal mọ́ra díẹ̀, kò kàn tó ti ọtí ni.

Ọ̀nà kẹta ni àwòrán eegun, níbi tí a kì í kọ C, tí a kì í sì í kọ H tó wà lára C. Ìlà wọ́gọwọ̀gọ ni gbogbo rẹ̀, orígun kọ̀ọ̀kan jẹ́ kábọ́ọ̀nù kan. Àwòrán yìí dára fún mólékù ńlá. Ẹ mú koóko ọba, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé tíì. Òórùn dídùn rẹ̀ wá láti ara citral, áldíháìdì tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún jẹ́ 3,7-dimethylocta-2,6-dienal. Kò sẹ́ni tó ní sùúrù láti ya gbogbo háídírójìn mẹ́rìndínlógún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí ìlà náà, àwọn ìwé kan ń kọ H áldíháìdì, àwọn mìíràn á fi ìlà náà sílẹ̀ ní òfìfo. Ní ojú akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, ìlà òfìfo tó ní O lórí kò yàtọ̀ sí kítóònù. A ti rí i níbi tí wọ́n ti ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù kan kún un, tí propanal fi di butanone. Ìdájọ́ wa ni pé olùkọ́ tó bá ń ya eegun lè fi gbogbo H yòókù pamọ́, àmọ́ kó kọ ti áldíháìdì.

-al àti -ol

Ní ìpàdé Geneva ọdún 1892 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti fẹnu kò lórí ìparí orúkọ: -ol fún álíkọ́ọ̀lù, -al fún áldíháìdì, -one fún kítóònù. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni. Àmọ́ èdè tó ní àfòmọ́ ìparí ni àwọn tó ṣe é ń sọ. Yorùbá kò ní àfòmọ́ ìparí. Iwájú ọ̀rọ̀ la ń fi àmì sí: iṣẹ́ di oníṣẹ́, ẹja di ẹlẹ́ja, kọrin di akọrin. Ẹni tó dàgbà sínú èdè yìí mọ̀ pé iwájú ni òun á ti rí irú ohun tí nǹkan jẹ́. Ètò Geneva ní kó dúró di ìparí, kó wá fi fáwẹ̀lì kan ṣoṣo mọ ọ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́.

Nígbà tí a bá wá Yorùbá-sọ wọ́n, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáńtì parí ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ball fi di bọ́ọ̀lù. Ethanol á di ẹ́tánọ́ọ̀lù, ethanal á di ẹ́tánáàlì. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ní kíláàsì tó kún, tí fáànù ń pariwo, tí àwọn kan jókòó sẹ́yìn, ẹni tó gbọ́ -áàlì lè kọ -ọ́ọ̀lù. A kò lè fi èyí bú Geneva. A lè bú olùkọ́ tó ń pe ọ̀rọ̀ méjèèjì láìkọ ọ́, láìyà á.

Bóyá ẹnìkan á sọ pé fáwẹ̀lì kan kò tó ohun tí a ń pariwo lé lórí. Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Orí á fọ́ wọn, ojú á ṣókùnkùn, wọ́n á dákú, ọ̀pọ̀ kò sì jí mọ́. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko pẹ̀lú. Methanol tó wà nínú ògógóró ni àyẹ̀wò padà fi hàn. Ní ọdún kan náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers.

Bí ọmọ kan bá bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè ìdí tí methanol fi ń fọ́ni lójú, tí ethanol inú ẹmu kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, ìdáhùn náà wà nínú àwòrán mẹ́ta. Methanol, CH₃OH, kọ́ gan-an ni apani. Nínú ẹ̀dọ̀, ẹ́ńsáìmù kan á gba háídírójìn méjì lọ́wọ́ rẹ̀, á di methanal, HCHO. Ẹ́ńsáìmù kejì á yára fi ọ́síjìn kún un, á di ásíìdì, HCOOH, èyí tó máa ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ tó sì ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ọ̀nà kan náà ni ethanol ń gbà lọ, àmọ́ ásíìdì inú kíkan ni ìparí tirẹ̀, ara sì mọ ohun tó lè fi ìyẹn ṣe. Nítorí pé ẹ́ńsáìmù kan náà ló ń gba háídírójìn lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, dókítà lè fún ẹni tó mu methanol ní ethanol tàbí fomepizole, kí ẹ́ńsáìmù náà má baà ráyè fún methanol. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ methanol yàtọ̀ sí methanal kò lè sọ ìtàn yìí fún ará ilé rẹ̀. Àwọn tí a ń kọ́ sì nìyí, olùkọ́ ni wọ́n ń lọ ṣe ní abúlé àti ìlú tí wọ́n ti ń pọn ògógóró.

Orúkọ ara ìgò àti orúkọ inú ìdánwò

Ìgò tó wà nínú ọ̀pọ̀ yàrá ìdánwò, Formaldehyde tàbí Formalin ni wọ́n kọ sí i lára. Omi rẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, tí wọ́n sì fi ń tọ́jú ejò àti ọ̀pọ̀lọ́ sínú ìgò fún ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì, ní nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún methanal. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, IARC, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó lè kọ methanal sínú ìdánwò lè gbé ìgò yìí sókè, kó fi imú fà á, kó má mọ̀ pé ohun tí òun kọ lánàá ló wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀bi tí a rí níbí ni pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń pe orúkọ àtijọ́ ní orúkọ tí kò tọ́. A mọ àwọn tó ń máàkì, tí wọ́n á fi ìlà pupa sí acetaldehyde, tí wọ́n á ní ethanal nìkan ni IUPAC gbà. Èyí kì í ṣe òótọ́. Nínú ìlànà tí IUPAC gbé jáde ní ọdún 2013, acetaldehyde àti formaldehyde gan-an ni orúkọ tí wọ́n yàn láàyò, benzaldehyde náà sì wà bẹ́ẹ̀. Ethanal àti methanal ṣì dára, kò sẹ́ni tó lé wọn. Ẹni tó bá gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nítorí acetaldehyde ń jẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà ní gbèsè.

Orúkọ àtijọ́ náà ní ohun tó ń sọ. Form- wá láti ara orúkọ èèrà ní Látìn, nítorí pé èèrà ni John Ray sè ní ọdún 1671 tó fi rí ásíìdì náà. Kì í ṣe gbogbo èèrà ló ní in, àmọ́ àwọn èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́lé lórí igi kòkó àti igi ọsàn ní in, ẹni tí wọ́n bá ti tu nǹkan sí lójú kò ní gbàgbé. Acet- wá láti ara kíkan. Orúkọ ìlànà ń ka iye kábọ́ọ̀nù inú ilé, orúkọ àtijọ́ ń sọ ibi tí a ti bá ọmọ pàdé. Bí oríkì àti orúkọ àbísọ ni wọ́n rí, kò sì sí ìyá tó ń lu ọmọ nítorí pé ó dáhùn sí oríkì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkà fúnra rẹ̀, a ó kàn fọwọ́ bà á ni. Kábọ́ọ̀nù CHO ni nọ́ńbà kìíní nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tí a kì í fi kọ 1 sí propanal. CH₃CH(CH₃)CH₂CHO jẹ́ 3-methylbutanal. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìdí tí ẹ̀ka sún mọ́ á pè é ní 2-methyl, á sì ṣìnà. Nínú orúkọ tó ń lo lẹ́tà Gíríìkì, kábọ́ọ̀nù kejì ni alpha, nítorí náà beta jẹ́ ẹ̀kẹta. Bí CHO bá so mọ́ òrùka, a kì í kà á mọ́ òrùka náà: cyclohexanecarbaldehyde ní kábọ́ọ̀nù méje, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́fà ni orúkọ òrùka náà ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yàwòrán kó tó kọ orúkọ kì í sábà ṣì wọ̀nyí.

Kí ni kí a máa pè é ní Yorùbá?

Lórí èyí, àwa méjì jiyàn púpọ̀. Èyí tó jẹ́ olùkọ́ Yorùbá nínú wa kọ́kọ́ dá aláìní-háídírójìn lábàá, láti fi gbé ìtàn Liebig wọlé. Èyí tó jẹ́ olùkọ́ kẹ́mísírì kọ̀ jálẹ̀: ethanal ní háídírójìn mẹ́rin lára, ọ̀kan nínú wọn ló sì fún un níwà. Orúkọ bẹ́ẹ̀ á tún àṣìṣe Látìn ṣe ní ìlọ́po méjì. Ọmọ ọtí ni àbá kejì. Ó dùn létí, àmọ́ kítóònù náà jẹ́ ọmọ ọtí, ásíìdì á sì di ọmọ-ọmọ, a ò ní mọ ibi tí ẹbí náà máa parí sí.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kò dé ọ̀dọ̀ áldíháìdì. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá méjì tó jáde ní ọdún 1984 àti 1990 la ọ̀nà fún wa nínú ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, kẹ́mísírì kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Ní báyìí, ibi tí a dúró sí ni pé kí áldíháìdì máa jẹ́ áldíháìdì, àmọ́ kí olùkọ́ má pè é ní ìgbà àkọ́kọ́ láìso gbólóhùn méjì mọ́ ọn: Ó ti pàdánù háídírójìn méjì. Ó ṣì di ọ̀kan mú lẹ́bàá ọ́síjìn. Gbólóhùn méjèèjì ṣeé sọ ní Haúsá, ó ṣeé sọ ní Nupe, a sì ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní èdè kálukú wọn kí wọ́n tó mú chalk.

A wá ní kí wọ́n máa fi chalk pupa kọ H tó kù yẹn, kí wọ́n fi funfun kọ ìyókù. Ó ń lọ dáadáa títí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi dìde bi wá léèrè pé bó bá jẹ́ H tó ń ṣiṣẹ́ la fẹ́ fi pupa kọ, àwọn tó wà lára kábọ́ọ̀nù kejì ńkọ́. Kò tíì ka ìhùwàsí aldol, níbi tí àwọn H kábọ́ọ̀nù kejì ti ń ṣí kúrò kí áldíháìdì méjì lè so pọ̀, ó kàn ń wo pátákó ni. A yíjú wo ara wa. A pa gbogbo H ara CH₃ rẹ́ nínú ethanal tó wà lójú pátákó, a sì fi chalk búlúù tún wọn kọ.